Bí Ẹ Bá Ń Ka Wúrà, Ẹ Ka Àwa Tí À Ń Mu Omi

Sí Mínísítà tó ń bójú tó ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ wa, àti sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ti Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀.

Lórí ilẹ̀ olókè Èkìtì, ní Ìgèdè, ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń bọ́ ọ kó tó dé Òṣogbo, kó tó kan dáàmù Asejire tí ará Ìbàdàn ti ń rí omi ẹ̀rọ, kó tó wọ ọ̀sà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí náà ni wúrà wà. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á, ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Ọ̀ṣun pọ́n, ó ki bí ẹ̀kọ ọkà bàbà.

Ní 2022, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun tí wọ́n ń ṣe ní Òṣogbo ní oṣù kẹjọ, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n má mu omi odò. Ìkìlọ̀ náà dára. Àmọ́ àlejò oṣù kẹjọ á padà sílé rẹ̀. Àwọn tó ń pọn omi náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá ńkọ́? Inú máa ń bí mi pé bí a bá ti dárúkọ Ọ̀ṣun, igbó òrìṣà àti àlejò nìkan ni à ń rántí.

Inú odò wọ̀nyí ni àwọn obìnrin ti ń rẹ gbàgúdà fùfú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ irú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí oko orí òkè gbẹ, àkùrọ̀ etí omi ló ń fún wa ní tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo tútù tí a ń tà. Apẹja ń dẹ ìgèrè fún àrọ̀ àti ẹ̀pìyà, ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ti ń jáde. A máa ń gbọ́ iye tí wúrà yóò pa wọlé fún orílẹ̀-èdè. Ta ló ń ṣírò ohun tí àkùrọ̀ kan ń pa wọlé fún ilé kan?

Kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ló ń bà wá lẹ́rù. Àwọn tó ń fọwọ́ wa wúrà a máa fi mẹ́kúrì kó o jọ, wọn a sì fi iná sun ún. Èyí tó bá dà sódò á rì sínú ẹrẹ̀, á wọ ara ẹja, á wọ ara ẹni tó jẹ ẹ́. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ló ń bà jẹ́ jù. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé Minamata lórí mẹ́kúrì ní 2013, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2018. Ní Zamfara, ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ṣé ó tún di ìgbà tí a bá sin tiwa?

Gómìnà á ní Àbújá ló ń fúnni ní láísẹ́ńsì ìwakùsà, torí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè ti 1999 fi í sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Àbújá á ní omi abúlé kì í ṣe iṣẹ́ òun. Láàárín yín ni odò wa ń bàjẹ́ sí. Láti 1992 ni òfin ti ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lára àyíká wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dá láísẹ́ńsì tuntun dúró lágbègbè odò yìí, títí ẹ ó fi yẹ omi, ẹrẹ̀ àti ẹja wò láti Ìgèdè dé ọ̀sà, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò jókòó ti àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń rẹ gbàgúdà, torí wọ́n mọ ẹja tó ti pòórá àti ọdún tí omi yí padà. Kí ẹ lẹ èsì rẹ̀ sí ojú ọjà, ní èdè Yorùbá. Bí ẹ bá ń lé àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú kòtò, ẹ wá ẹni tó ń ra wúrà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Kànga ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ fún àwọn abúlé náà, torí àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò mu omi lọ́la, kí ẹnikẹ́ni tó ka èsì kankan.

Èmi ni,
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan.