Abèèrè Kì í Ṣìnà

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ní bí iléeṣẹ́ bá ti ra irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà bíi DOORS tàbí Jira, wàhálà àtimọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ti parí. N kò fara mọ́ ọn.

Irinṣẹ́ wọ̀nyí wúlò. Wọ́n ń fún ohun kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà béèrè ní nọ́ńbà, a lè fi wọ́n so ó mọ́ ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹni tó yí i padà hàn. Àmọ́ ohun tí a kò béèrè kò lè sí níbẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ti kọ̀ láti gba orúkọ ìlú mi rí. Mo tẹ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó ní àmì tí òun kò mọ̀ wà nínú rẹ̀. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní ẹyọ lẹ́tà kan fún “ẹ̀”. Ńṣe ni à ń fi àmì ohùn lé “ẹ” lórí. Ó jọ pé ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà kò bi ọmọ Yorùbá kankan léèrè.

Ní ìlú wa, ìlú àwọn àyàn, ta ni yóò gbẹ́ ìlù láìkọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá ìyá-ìlù ló fẹ́ àbí gángan? Àìbéèrè léwu. Lọ́dún 1992, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ agbáláìsàn London dojú dé. Ara ohun tí ìwádìí bá wí ni pé àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn òṣìṣẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti oníbàárà ká tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun