Olùkọ́ tó rí i tó sì dákẹ́ nínú ‘Notes on a Scandal’

Bí wọ́n bá dárúkọ fíìmù ‘Notes on a Scandal’, Sheba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí, ìyẹn olùkọ́bìnrin tó ń bá ọmọkùnrin ọdún 15 tó ń kọ́ ní iléẹ̀kọ́ lò pọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kejì, àgbàlagbà tó rí wọn tó sì pa ẹnu mọ́, ló yẹ kí àwọn iléẹ̀kọ́ wa fojú sí.

Ọdún 2006 ni fíìmù náà jáde. Richard Eyre ló darí rẹ̀, láti inú ìwé ìtàn àròsọ Zoë Heller. Ìlú London ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Cate Blanchett ló ṣe Sheba, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó lọ́kọ tó sì bímọ méjì. Judi Dench ló ṣe Barbara, olùkọ́ ìtàn tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tó jẹ́ pé ológbò nìkan ló ń bá a gbélé.

Nígbà tí Barbara ká wọn mọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléẹ̀kọ́ ló yẹ kó gbà lọ. Kò lọ. Ó ní kí Sheba jáwọ́, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jọ àánú, àmọ́ ìṣirò ni: bí òun bá dákẹ́, Sheba yóò máa jẹ òun ní gbèsè títí láé. Àṣírí wá di okùn lọ́rùn Sheba. Nígbà tí ológbò Barbara kú, ó fẹ́ kí Sheba fi ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ wá bá òun sọ̀fọ̀. Sheba kò lè ṣe é, torí eré tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe níléẹ̀kọ́. Kò pẹ́ sí i ni Barbara ta olùkọ́ mìíràn lólobó. Inú ló ń bí i tó fi sọ̀rọ̀. Kò ro ti ọmọ náà rárá.

Ìdánìkanwà burú, Dench sì jẹ́ ká rí i. Ó ṣeni láàánú. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí BBC Africa Eye gbé ìwádìí ‘Sex for Grades’ jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, nípa àwọn olùkọ́ fásitì ní Nàìjíríà àti Ghana, kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ló tú àṣírí. Olùkọ́ kan tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa yàrá kan tí àwọn olùkọ́ ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ṣeré. Bẹ́ẹ̀, yàrá bẹ́ẹ̀ kì í wà kí àwọn tó kù má mọ̀.

Ní 2020, àwọn sẹ́nétọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí àbádòfin tó kan ìwà yìí ní iléẹ̀kọ́ gíga. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú. Ẹni tó wà ní yàrá olùkọ́ ló ní ojú, ó sì yẹ kí iléẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, títí kan girama, yan ẹni tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ tó létí, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹni tó bá sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ tó dákẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́.

Ẹ̀wọ̀n oṣù 10 ni Sheba gbà. Barbara tún rí obìnrin mìíràn bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ ọdún 15 náà ńkọ́? Fíìmù náà kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀.