Àdéhùn ASUU ọdún 2009: Ṣé ìwé téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ sí lè di aláìníláárí?

Àwọn tó ń gbé nítòsí FUTA ní Àkúrẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyanṣẹ́lódì fún wọn. Bí àwọn olùkọ́ bá ti kọ̀ láti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìyá tó ń ta oúnjẹ àti onílé tó ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ìjà tuntun kọ́. Ìwé kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí láti ọdún 2009 wà lára ohun tí wọ́n ṣì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Gamaliel Onosode ṣe alága rẹ̀ ló bá ASUU jókòó lórúkọ ìjọba àpapọ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2009, tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí àdéhùn lórí owó oṣù olùkọ́, owó tí ìjọba yóò máa ná sórí yunifásítì, àti òmìnira àwọn iléèwé náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2013, ASUU ti tún yanṣẹ́ lódì fún ohun tó lé ní oṣù márùn-ún, wọ́n ní ìjọba kò mú ìlérí ṣẹ. Ìgbà yẹn la wá ń gbọ́ pé àdéhùn ọ̀hún kò ṣeé mú ṣẹ rárá. Sẹ́nétọ̀ David Mark, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, tiẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ìjọba rán lọ, pé àìmọ̀kan wọn ni ASUU rí lò.

Ṣé àìmọ̀kan lè ba ìwé jẹ́? Nínú òfin, ẹni tó bá fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ da àdéhùn nù gbọ́dọ̀ fi hàn pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìfọwọ́sí òun, tàbí pé wọ́n fipá mú òun, tàbí pé ẹni tó fọwọ́ sí i kò láṣẹ, tàbí pé àṣìṣe ńlá kan wà nínú rẹ̀. Pé èèyàn kò ṣírò owó dáadáa kò sí lára wọn. Ìjọba tó ní mínísítà ètò ìṣúná, tó sì ní agbẹjọ́rò àgbà, ṣé ó lè ní òun ò mọ̀wé kà ni?

Ṣùgbọ́n àlàfo mìíràn wà, òun ló sì yẹ kó ba àwọn olùkọ́ lẹ́rù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti ń sọ pé àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lọ, àyàfi tí wọ́n bá fi kún ìwé ìgbanisíṣẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin aáwọ̀ iṣẹ́ la ọ̀nà kan sílẹ̀: kí wọ́n kó ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀ fún mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kóun sì pàṣẹ, bó bá wù ú, pé ó de gbogbo wọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Mínísítà tí yóò pàṣẹ, ọmọ ilé kan náà ni pẹ̀lú ẹni tó jẹ gbèsè.

Láti ọdún 2011, àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti fún National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, lágbára láti túmọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tuntun ni wọ́n ń kọ lé ti àtijọ́ lórí, lọ́dún 2013, 2017, 2019 àti 2020, wọ́n ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Lójú tèmi, ẹ̀rù ìdájọ́ ló ń ba ìhà méjèèjì. Nígbà tí ìjọba sì rìn dé ilé-ẹjọ́ náà lọ́dún 2022, kíá ni àṣẹ jáde: lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, Adájọ́ Polycarp Hamman ní kí àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ti àwọn olùkọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn 2009 fúnra rẹ̀ sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò ní fipá mú ìjọba ìpínlẹ̀ láti tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ní Àkùngbá kò lè fi ìwé yẹn nìkan mú gómìnà. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó kò tiẹ̀ tíì sí nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Lóṣù kìíní ọdún 2026, ìjọba àpapọ̀ gbé àdéhùn tuntun jáde láti rọ́pò ti 2009, pẹ̀lú àfikún ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún sí owó oṣù. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ ní FUTA bi aṣojú rẹ̀ ni bóyá wọ́n ti kó ẹ̀dà rẹ̀ fún mínísítà, àti bóyá àfikún náà ti wọnú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀.