Ẹ Kàn Án Wò Kí Ẹ Tó Sanwó
Ọ̀rọ̀ táìlì ló gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀ pálọ̀ wa jẹ́jẹ́, mẹ́ta nínú àwọn táìlì náà sì dún kó-kó-kó bí igbá òfìfo. Ọ̀kan ti sán nígun, níbi tí ẹsẹ̀ àga ń tẹ̀. Nígbà tí a hú u, àárín nìkan ni sìmẹ́ńtì wà, bí ìgbà tí èèyàn fi bọ́tà kan àárín búrẹ́dì, tí etí rẹ̀ gbẹ.  Nítorí náà, bí wọ́n bá lẹ táìlì fún yín, ẹ má wo dídán wọn nìkan. Kí oníṣẹ́ tó dí àlàfo àárín wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá nígun. Èyí tó bá dún lófìfo, kó hú u, kó tún un lẹ̀ lójú yín.