Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín kúrò níwájú àgbà tó ń ki oríkì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ti sọ yàrá yín di studio. Iṣẹ́ yín wù mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Ohùn àwọn àgbà tí ẹ ń gbà sílẹ̀, ariwo kọ̀ǹpútà ń bà á jẹ́. Bí a bá sì sọ fún yín, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu yín: "A máa nettoyer ẹ̀ tó bá yá." Ìdáhùn yẹn ni mo wá bá jà.

Ẹ fi casque sí etí, kí ẹ tẹ́tí sí audio oríkì tàbí àlọ́ tí a ń pín láàárín ara wa. Kí àgbà náà tó la ẹnu, ẹ ó gbọ́ fùùù kan tí kò dáwọ́ dúró. Ventilateur inú kọ̀ǹpútà ni. Bí àgbà bá dákẹ́ láti mí, fùùù. Bí ó bá rántí orúkọ baba ńlá kan, tó rẹ ohùn sílẹ̀ láti dárúkọ rẹ̀, fùùù bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Nínú audio mìíràn ẹ kò ní gbọ́ fùùù rárá, ṣùgbọ́n ohùn àgbà á dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi, ọ̀rọ̀ á máa já sọ́nà. Èyí ni wọ́n ti "nettoyer". Lójú tèmi, èyí èkejì ló burú jù, torí pé nínú ti àkọ́kọ́, ohùn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí ẹ bá tẹ "Réduction du bruit" nínú Audacity. Ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí ariwo nìkan wà hàn án. Ó wo irú ìró tó wà nínú ariwo náà, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Lẹ́yìn náà ó gba gbogbo audio kọjá, ibikíbi tó bá ti rí ìró tí kò lágbára ju ti ariwo yẹn lọ, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ariwo ni tàbí ọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, ìwọ̀n ló ń wò.

Báwo ni a ṣe ń pe s, ṣ, f àti h? Afẹ́fẹ́ ni à ń fún gba ibi tóóró kọjá lẹ́nu. Kí ni ventilateur ń ṣe? Afẹ́fẹ́ náà ló ń fún gba ihò kọjá. Ìró méjèèjì jọra débi pé ẹ̀rọ tó bá ń lé ọ̀kan á lé èkejì mọ́ ọn. Nínú kíláàsì, mo máa ń fi audio àlọ́ ṣe dictée fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ kan mo lo ọ̀kan tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa, ó mọ́ tónítóní. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé ọdẹ rí ẹkùn, ó ṣá a. Ìdajì kíláàsì kọ ọ́ pé ó sá. Ẹkùn tó ti kú lẹ́nu àgbà ń lé ọdẹ nínú ìwé àwọn ọmọ! Mo gbọ́ audio náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò lè bá wọn wí, torí pé ohun tó yẹ kí etí fi mọ̀yàtọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Bí gbólóhùn bá parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á wálẹ̀, á tín-ín-rín, pàápàá ohùn arúgbó. Ibi tó tín-ín-rín yẹn gan-an ni ẹ̀rọ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó gé e. Àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ wá, èdè tí ìparí ọ̀rọ̀ ń yí ìtumọ̀ padà kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwa tí a sọ ọ́ ló yẹ ká mọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ariwo pátápátá létí ẹ̀rọ. Mo ti gbọ́ orin tí wọ́n fọ̀, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń ya ìwé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kékeré ni mo sọ di ńlá. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò, ní 2008 wọ́n fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. A yọ̀, a jó. Ṣùgbọ́n agọ̀ àti igi gbígbẹ́ nìkan kọ́ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kún fún òwe, èébú, àdúrà àti orúkọ ènìyàn. Igi gbígbẹ́ lè wà nínú musée. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kò ní musée kankan ju orí àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ, àwọn yẹn sì ń dàgbà. Bí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún bá jókòó fún ẹ lónìí, o kò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa jókòó. Ìwọ wá lọ gbé kọ̀ǹpútà tó ń mí bí ẹni tó sáré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tèmi rèé: ta ló ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀? Portable tó wà lápò yín kò ní ventilateur. Enregistreur kékeré tó ń lo píìlì kò ní ventilateur. Ẹ fi portable sí mode avion kí ìpè má bàa wọlé, kí ó má sì máa dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ sínú micro. Ẹ gbé e sórí aṣọ tí ẹ ká, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀ sí ẹnu àgbà, kí ó má wà ní ojú ẹnu gan-an kí èémí má bàa fẹ́ lù ú. Ẹ lo application tó ń gba WAV, kì í ṣe vocal WhatsApp, torí pé WhatsApp ń fún ohùn pọ̀ kó lè rọrùn láti rán, ohun tó bá sì ti jù sọnù kò ní padà wá. Bí ẹ bá délé lálẹ́, ẹ wá kó fáìlì sínú kọ̀ǹpútà, kí ventilateur rẹ̀ máa hó bó ṣe fẹ́. Mo mọ̀ pé kò dà bíi studio lójú. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n ya fọ́tò àgbà pẹ̀lú micro ńlá àti écran lẹ́yìn rẹ̀ ju kí ohùn àgbà náà yéni lọ.

Bí ẹ bá ní láti lo kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e sí yàrá kejì kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Níbi yìí ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú micro USB tí gbogbo ènìyàn ń rà. Okùn USB 2.0 kò yẹ kó ju mítà 5 lọ, èyí tó máa ń wà nínú páálí kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà micro náà ti so yín mọ́ kọ̀ǹpútà. Okùn XLR lè lọ mítà 10, mítà 20, láìní wàhálà. Kí ẹ tó ná owó, ẹ rò ó.

Yàrá kan ṣoṣo ni ẹ ní? Kò burú. Ní ibi gbalasa, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ jíjìnnà tó wà láàárín ariwo àti micro di ìlọ́po méjì, ariwo á fi décibel 6 dín kù. Nínú yàrá simẹ́ńtì òfìfo kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí pé ògiri ń dá ìró padà, ẹ ta aṣọ òkè, ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró. Bákan náà, bí ẹnu bá súnmọ́ micro dé ìdajì, ohùn á fi 6 pọ̀ sí i, ìyẹn kò sì ná yín ní fránkì kan. Micro tó jẹ́ cardioïde kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Ó ń yà mí lẹ́nu, ìdàkejì ni mo máa ń bá: àgbà jókòó, kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn àgbà, micro dojú kọ àwọn méjèèjì, ó sì ń gbọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páálí ẹyin sílẹ̀. Ẹ ti jẹ ẹyin títí, ẹ ti fi páálí rẹ̀ bo ògiri, ariwo kò lọ ibì kankan. Páálí ẹyin fúyẹ́ jù, kò lè dá ariwo dúró, díẹ̀ nínú ìró òkè nìkan ló ń gbà. Ẹni tó sì ti kọ̀ǹpútà mọ́ inú àpótí igi tí kò ní ihò, kò tíì mọ ohun tó ń mú un pariwo. Ooru ni. Bí processeur bá ṣe ń gbóná sí i ni ventilateur á máa sáré sí i. Tì í mọ́lé, á gbóná, á pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà ẹ mú ooru kúrò. Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹ wo ihò kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún méjì ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu, ẹ ó rí eruku tó ti di òwú níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè kọjá. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kí ẹ fi ìka di ventilateur mú bí ẹ bá ń fẹ́ eruku jáde, kó má bàa sáré òdì. Ẹ yé gbé kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ẹ̀dì, orí tábìlì líle ni kó wà. Ẹ ti gbogbo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ẹ fi í sí économie d'énergie, ẹ gbé buffer sókè sí 512 tàbí 1024, kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí èyí tó ń yí inú rẹ̀ bá jẹ́ disque dur àtijọ́, ìlọ́po 5400 tàbí 7200 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó gbọ́ ọ. SSD kì í yí. Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ventilateur ńlá tó ń yí pẹ̀lẹ́ sàn ju kékeré tó ń sáré.

Ariwo kan tún wà tí kì í gba afẹ́fẹ́ wọlé, hùmmm tó ń gba inú okùn iná wá. Ẹ yọ chargeur, ẹ lo bátìrì. Bó bá dákẹ́, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ má sì gbé micro àti kọ̀ǹpútà sórí tábìlì kan náà, tábìlì ń gbọ̀n.

Mo ti gbọ́ èsì yín. "Owó ni, tọ́ńtọ̀n." Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, ẹ ka èyí tó ń béèrè owó: okùn gígùn àti SSD nìkan. "Ooru máa pa bàbá bí a bá pa ventilateur òkè." Òótọ́ ni, ẹ má fìyà jẹ wọn. Ẹ lọ ní ìdájí, kí zémidjan tó bẹ̀rẹ̀, kí aládùúgbò tó tan groupe rẹ̀. Àgbà ti jí nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ ṣì ń sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fún wọn lómi, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

"Intelligence artificielle ti wà báyìí, á yọ gbogbo rẹ̀." Mo ti gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohùn Yorùbá. Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í yọ ariwo nìkan, ó lè fi ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ dí ihò tó bá rí. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá bàbá mi parí oríkì rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà kí a fọ ohùn: bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá ti kú, tí audio aláriwo náà sì jẹ́ èyí tó kù. Kódà níbẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ fọ̀. Ẹ tọ́jú àkọ́kọ́ bó ṣe wà ní WAV sí ibi méjì, ọ̀kan nílé yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí olóhùn. Èyí tí ẹ bá sì fọ̀, ẹ kọ "a ti fọ̀ ọ́" mọ́ orúkọ fáìlì, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ṣe dictée lè béèrè èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn lọ́wọ́ yín.