Ta ló yẹ kó dín eré kù? Ọ̀rọ̀ bọ́m̀pù láti abúlé dé Dallas

Bí àwọn òbí yín bá ń múra ìrìn àjò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ àdúrà yìí lẹ́nu wọn: kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo fẹ́ràn láti fi kọ́ yín, nítorí ó fi bí a ti ń lo "ebi" hàn: ènìyàn kì í pa ebi, ebi ni ó ń pa ènìyàn. Nígbà tí mo kọ ọ́ sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan nawọ́ sókè. "Àǹtí, kí ni ọ̀nà ń jẹ?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Texas, ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni kò kú sójú títì ni November 7, 2000. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni a kò tíì bí nígbà náà. Láti 2021 títí di 2024, iye àwọn tó kú ju 4,000 lọ lọ́dọọdún. Ní June 2022, ìgbìmọ̀ ìlú Dallas fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Vision Zero: kí ikú ojú títì dópin nílùú yìí nígbà tí yóò bá fi di 2030, kí iye àwọn tó ń fara pa yánnayànna sì dín kù sí ìdajì. Orílẹ̀-èdè Sweden ni èrò yìí ti ṣẹ̀, ní 1997. Ohun tó sọ kò le rárá: ènìyàn yóò máa ṣe àṣìṣe, nítorí náà ọ̀nà ni kí a tún ṣe, kí àṣìṣe má baà di ikú.

Àwa kì í sábà sọ ọ́ báyẹn. Bí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, a ó ní awakọ̀ ló sá eré àsápajúdé. (Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: sá, pa, ojú, dé. Eré ẹni tó pa ojú rẹ̀ dé ni.) Tàbí a ó ní búrẹ́ẹ̀kì ló já, tàbí a ó ní ọwọ́ ayé ni. A kì í bi ọ̀nà fúnra rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tàbí ọ̀nà ńlá mìíràn tó gba àárín àwọn abúlé kọjá. Ọ̀pọ̀ abúlé yìí ti wà níbẹ̀ kí títì tó dé. Nígbà tí ìjọba fẹ ọ̀nà, tí wọ́n da ọ̀dà sí i, títì la abúlé sí méjì: ilé ìwé lè wà lápá kan, kí ibi tí wọ́n ti ń pọnmi wà lápá kejì. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́, tí kòtò pọ̀ lójú rẹ̀, àwọn ọmọdé lè kọjá láìsáré, torí ọkọ̀ ń rọra lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe tán, tí gbogbo èèyàn ń kí ìjọba kú iṣẹ́, ọjọ́ náà ni ewu dé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á gbá ẹnì kan. Ọmọ ilé ìwé ni, tàbí ìyá àgbà tó ń ti oko bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á dí ọ̀nà, inú á bí wọn. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì mọ bọ́m̀pù sójú títì fúnra wọn. Mi ò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bọ́m̀pù tí a kò kùn, tí kò sí àmì kankan níwájú rẹ̀, pàkúté ni lóru. Awakọ̀ tí kò mọ ibẹ̀ á fò sókè, ọkọ̀ ẹrù lè dojú dé, àwọn adigunjalè náà sì mọ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń rọra.

Ìjọba náà kò jókòó lásán. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó síwájú nínú iṣẹ́ náà. Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti ń kọ́ni nígbà náà, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ti gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ní February 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ní gbogbo abúlé láti òwúrọ̀ di òru. Bọ́m̀pù kì í lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹ wo Suhum ní Gánà, lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi. Oríta ibẹ̀ burú fún ìjàm̀bá. Wọ́n tẹ́ àwọn ìlà tó yọrí díẹ̀ sójú ọ̀nà, irú èyí tó máa ń mú ọkọ̀ gbọ̀n rìrì kí awakọ̀ lè mọ̀ pé òun ti dé ibi tí èèyàn wà. Ìjàm̀bá dín kù ní nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 55. Àwọn awakọ̀ kan náà ni o. Ẹnikẹ́ni kò yí ìwà wọn padà.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá ènìyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìwádìí tí AAA Foundation gbé jáde ní 2011 sọ pé bí ọkọ̀ tó ń sá máìlì 23 ní wákàtí kan bá gbá ẹlẹ́sẹ̀, ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń kú. Ní máìlì 32, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni. Ní máìlì 42, ìdajì wọn.

Ní ọdún kan, ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Obìnrin tó ti ń rìn lọ ọjà láti kékeré ni. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta iṣu wà ní òdì kejì títì tó wà níwájú ilé wa, a ń rí i láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ mẹ́fà lè sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú títì náà, ibi tí iná ti lè dá wọn dúró sì jìnnà. Màmá dúró, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì padà sílé. "Ṣé àwọn tó ṣe ọ̀nà yìí kò ní ìyá ni?" Mi ò ní èsì.

Ojú títì bẹ́ẹ̀ dà bí pápá ọkọ̀ òfurufú. A lè kọ máìlì 35 sórí àmì, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ọ̀nà ń sọ fún ẹsẹ̀ awakọ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́ sí i. Láti 2019 ni òfin Texas ti gbẹ́sẹ̀ lé kámẹ́rà tó ń mú ẹni tó gba iná pupa kọjá, nítorí náà ohun tó kù fún Dallas ju ohun gbogbo lọ ni pé kí ìlú yí ojú ọ̀nà padà: kí wọ́n dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, kí wọ́n ṣe erékùṣù sáàárín tí ẹlẹ́sẹ̀ lè dúró lé, kí wọ́n fi bọ́m̀pù sí àdúgbò. Irú bọ́m̀pù tí wọ́n ń pè ní speed cushion wà ní Dallas, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ panápaná lè kọjá. Àwọn ará àdúgbò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè fún un.

Àwọn kan á ní bọ́m̀pù ń fi àkókò ṣòfò, ó sì ń ba ọkọ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí ẹni tó ń kọjá lọ pàdánù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè pàdánù. Lójú tèmi, àlejò ló yẹ kó rọra nílé onílé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Bí ẹ bá tún bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi wọ́n pé: "Bọ́m̀pù mélòó ló wà lójú títì yín, ta ló ṣe é, kí ló sì ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é?" Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.