Omi Aláìlera

A máa ń wí pé omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ọ̀tá a máa bá omi wọlé. Àwọn àgbà Òkè-Ògùn kò gbàgbé sobìà. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tí ó lé e lọ, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ará Kòmu, ẹ má jẹ́ kí ìṣẹ́gun náà tàn yín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń jẹ́ Cryptosporidium, tí ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran ń gbé wọ inú omi. Ó ń la aṣọ kọjá. Klorínì kì í sì í tètè pa á. Ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ a máa fi alágbára sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tí àrùn éèdì tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti sọ di aláìlera.

Kì í ṣe odò nìkan ni ó ń gbé. Ní 1993, omi ẹ̀rọ ni ó gbé e wọ ilé ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà. A díwọ̀n àwọn tí ó mú sí 400,000 ó lé. Àwọn tí ó ní éèdì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú.

Iná ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì dé e. Bí igi ìdáná kò bá tó, omi aláìlera ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè irú àrùn tí ń ṣe é kí a tó bu omi fún un.